Ilé Onítáyà Noreen Trevorrow

Ọjọ́ tí Noreen Trevorrow fẹ́ lọ gba ilé tirẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ti ń bá a jà kí oòrùn tó yọ.

"Ṣé ilé lo pe ìyẹn?" Avis wí, bó ti ń de bẹ́líìtì mọ́ra nínú mọ́tò àbúrò rẹ̀. "Ilé tó ní táyà! Ilé tí wọ́n ń so mọ́ ìdí mọ́tò bí ẹni ń fa màlúù!"

"Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ débẹ̀ ná, Àǹtí."

"Mo ti rí i nínú fọ́tò. Ó jọ páálí bàtà."

Báyìí ni wọ́n ṣe kúrò ní Broken Hill, ìlú àwọn awakùsà, tí wọ́n dorí kọ Mildura lápá gúúsù, níbi tí ẹni tó ń ta àwọn ilé onítáyà ti ń dúró dè wọ́n. Ọ̀nà náà gùn, ó gbẹ, kò sì sí ohun tí èèyàn lè wò níbẹ̀ ju igbó kúkúrú àti ewúrẹ́ ìgbẹ́ lọ. Avis ò panu mọ́ títí wọ́n fi rí odò. Ó ní ìjì á gbé ilé náà. Ó ní eèrà á jẹ ẹ́. Ó ní Noreen ò ní í lè wọ́ ọ gba orígun kankan láìwó ilé onílé. Noreen di ìdarí mọ́tò mú, ó ń fi imú kọrin.

Oúnjẹ ni iṣẹ́ Noreen. Láti ọ̀dọ́mọbìnrin ló ti ń sè fún àwọn tó ń rẹ́ irun àgùntàn, ó ń bá wọn kiri láti oko kan dé òmíràn. Bí wọ́n bá rẹ́ tibí tán, wọ́n á di ìkòkò sínú ọkọ̀, ó tún di ọ̀dọ̀ ẹlòmíì. Ọkùnrin tó bá ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ rẹ́ irun àgùntàn láti òwúrọ̀ kì í jẹun bí èèyàn, bí iná inú pápá ló ṣe ń jẹun. Wọ́n á jẹ ẹyin àti ẹran láàárọ̀, wọ́n á tún mu tíì pẹ̀lú kéèkì kí oòrùn tó gun òkè, ọ̀sán á dé wọ́n á ní kò tíì tó. Noreen bọ́ gbogbo wọn yó. Ṣùgbọ́n ilé ìdáná tó ti ń bọ́ wọn, ti ẹlòmíì ni. Sítóòfù kan wà tó jẹ́ pé wáyà ni wọ́n fi so ilẹ̀kùn rẹ̀. Ibì kan wà tí ejò ti wá fi kọ́bọ́ọ̀dù ìyẹ̀fun ṣe ilé. Ibòmíràn, òrùlé ń jò tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé abẹ́ agboòrùn ló ti ro ọbẹ̀. Ó mọ ìwà sítóòfù kọ̀ọ̀kan bí obìnrin ṣe ń mọ ìwà ọkọ tó ń tètè bínú.

Ní ti ọkọ gan-an, kò ní. Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Ossie fẹ́ ẹ nígbà kan rí, arẹ́run-àgùntàn tó mọ ijó jó. Ọjọ́ kan ni Ossie ní kéèkì rẹ̀ gbẹ díẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ parí síbẹ̀.

Bí àsìkò iṣẹ́ bá ti kásẹ̀ nílẹ̀, ọ̀dọ̀ Avis ló máa ń padà sí, nínú ilé onípáánù tí wọ́n bí àwọn méjèèjì sí. Kelvin, ọkọ Avis, ti kú, àwọn ọmọ wọn sì ti fọ́n lọ sí Adelaide. Yàrá ẹ̀yìn ni ti Noreen. Avis á ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì sílẹ̀ dè é, á ti fi òdòdó sínú ife lójú fèrèsé. Ṣùgbọ́n ilé ìdáná, ti Avis ni. Obìnrin tó ń bọ́ odindi ọgbà ọkùnrin yó kò lẹ́tọ̀ọ́ láti dín ẹyin kan níbẹ̀. "Jókòó," ni Avis máa ń sọ, "àlejò ni ọ́." Àlejò náà á sì jókòó, á máa wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bó ti ń sun ẹran gbẹ.

Nígbà tí orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, Noreen rò ó pé òun ń fẹ́ sítóòfù kan tó jẹ́ pé òun nìkan lòun ń tàn án kí òun tó kú. Ó sanwó ilé onítáyà kan. Kò sọ fún Avis títí ọ̀rọ̀ fi parí, ìdí ìjà nìyẹn.

Ẹni tó ń tà á ní Mildura ń jẹ́ Carmelo, onírùngbọ̀n tó máa ń nu ọwọ́ kó tó bọ èèyàn lọ́wọ́. Ó mú wọn gba àárín àwọn ilé onítáyà tó tò sí ọgbà, ó wá dúró níwájú ọ̀kan tó funfun báláú, tó ní ìlà aláwọ̀ ewé lẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Màmá, ilé yín rèé."

Noreen gun àtẹ̀gùn, ó wọlé. Bẹ́ẹ̀dì wà níwájú, kọ́tìnì wà tí wọ́n lè fi bò ó. Àga àti tábìlì wà lẹ́yìn pátápátá lábẹ́ fèrèsé ńlá. Ilé ìdáná wà láàárín. Ó dúró síwájú sítóòfù. Ó tàn án, iná kékeré rú jáde. Ó pa á. Ó tún tàn án.

"Ó ń ṣiṣẹ́, Màmá," Carmelo wí.

"Mo rí i. Mo kàn ń wò ó ni."

Avis náà ti wọlé, ó ń fi ìka kan ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù bí ẹni ń yẹ ẹyin wò. "Ọ̀gbẹ́ni," ló wí, "níbo lèèyàn ti ń ṣe ìgbọ̀nsẹ̀?"

"Ibí yìí ni, Màmá."

"Nínú ilé ìdáná?"

"Rárá o, ilẹ̀kùn wà láàárín wọn."

"Èyí lo pè ní ilẹ̀kùn? Bí mo bá sín, yóò ṣí." Ó yọjú wò ó. "Níbo ni ìgbẹ́ ń gbà lọ?"

Carmelo rọra ṣàlàyé pé àpótí kan wà nísàlẹ̀, pé bó bá kún, èèyàn á fà á jáde, á lọ dà á nù níbi tí wọ́n ṣe fún un.

"Noreen! O gbọ́? O fi gbogbo ayé rẹ se oúnjẹ, o wá fẹ́ fi ìyókù ru ìgbẹ́!"

Carmelo yíjú sí ògiri kó má baà rẹ́rìn-ín. Ó tún fi bí wọ́n ṣe ń rọ omi sínú táǹkì hàn wọ́n, àti bí wọ́n ṣe ń ṣí gáàsì, àti bí wọ́n ṣe ń na aṣọ ibòòji jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, Noreen sì to ṣíbí, ọ̀bẹ, ife àti aṣọ ìnuwọ́ tó kó wá sí ààyè wọn. Gbogbo rẹ̀ pátá ni Avis ní àbùkù kan tó fi kàn án. Ibòòji tín-ín-rín jù. Fíríìjì kéré, adìyẹ kan péré ló lè gbà, adìyẹ náà á sì ká ẹsẹ̀ kò. Nígbà tó dé orí bẹ́ẹ̀dì, tó ní ó dà bí pátákó tí wọ́n ń tẹ́ òkú sí, Noreen gbójú sókè.

"Àǹtí, ọjọ́ kan ṣoṣo yìí náà, ẹ jẹ́ kí inú mi dùn."

Ohùn rẹ̀ ò le, ṣùgbọ́n kò sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rí. Avis dúró bí ẹni tí wọ́n gbá létí.

"Áà. Èmi ni mò ń ba inú rẹ jẹ́. Ó dáa. Bọ́ọ̀sì ń lọ sí Broken Hill lónìí, màá wọ̀ ọ́. Máa fa páálí bàtà rẹ lọ!"

Ó mú fìlà oòrùn rẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀, ó kọrí sí ọ̀nà géètì.

Noreen fẹ́ sáré tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n Carmelo ti ń pè é síbi ìkọ́ tí wọ́n fi ń so ilé mọ́ mọ́tò. Ó fi bí wọ́n ṣe ń fi ṣéènì há a hàn án, bí wọ́n ṣe ń so wáyà iná ẹ̀yìn àti ti bíréèkì. "Màmá, ohun tí ẹ ò gbọdọ̀ gbàgbé láé," ó wí, "kẹ́ ẹ tó gbéra, ẹ yí i po, kẹ́ ẹ wọ inú rẹ̀ wò fínnífínní."

"Mo gbọ́."

Ó yí i po lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ wà ní géètì. Ó yọ orí wọlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n sítóòfù ló wò. Kọ́tìnì bẹ́ẹ̀dì wà ní pípadé; ó rò pé Carmelo ló pa á dé nítorí eruku. Carmelo ti ilẹ̀kùn, ó fún un ní kọ́kọ́rọ́, ó tún nu ọwọ́ kó tó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Noreen gbéra jẹ́jẹ́ bí ẹni tó gbé agbada ọbẹ̀ gbígbóná.

Ó kọ́kọ́ ya ibùdókọ̀. Bọ́ọ̀sì ti lọ. Ọkùnrin kan ń gbálẹ̀ níbẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ìyá kan tí inú ń bí wọ bọ́ọ̀sì Broken Hill?"

"Gbogbo ìyá tó wọ̀ ọ́ ni inú ń bí," ọkùnrin náà dáhùn. "Ẹ̀rọ tó ń mú inú rẹ̀ tutù ti bàjẹ́."

Ọkàn Noreen balẹ̀. Avis ti ń lọ nìyẹn, á ti dé ilé ṣáájú òun, á sì ti ro ẹjọ́ fún gbogbo àdúgbò. Kò sì ṣeé pè lórí fóònù: inú dúrọ́ọ̀ ilé ìdáná ní Broken Hill ni fóònù Avis ń gbé, kí olè má baà jí i.

Bí ó ti kọjá ìlú Wentworth tí ọ̀nà nà tààrà síwájú, ìdùnnú tó ti ń bo mọ́ra látàárọ̀ já sóde. Òun Noreen ló ń fa ilé ìdáná òun lọ lójú títì! Ó tan rédíò àlùpè tó wà níwájú mọ́tò, èyí tí àwọn onítírélà àti àwọn arìnrìn-àjò fi ń bára wọn sọ̀rọ̀, kó lè máa gbóhùn èèyàn. Kò pẹ́ tó fi ṣàkíyèsí pé àwọn èèyàn ọ̀nà ọjọ́ náà lọ́yàyà púpọ̀. Mọ́tò kan ya á kọjá, gbogbo ará inú rẹ̀ ló ń juwọ́. Noreen juwọ́ padà. Òmíràn ya á, ó ń tan iná, awakọ̀ ń nawọ́ sẹ́yìn gìrìgìrì. "Ẹ ṣeun o!" Noreen wí. "Tuntun ni! Òní ni mo gbà á!" Tọkọtaya kan ya á lórí alùpùpù, ìyàwó tó jókòó lẹ́yìn sì fọwọ́ lérí. Noreen rò ó pé bóyá ìlà aláwọ̀ ewé yẹn ló wọ̀ wọ́n lójú bẹ́ẹ̀. Ó fọn fèrè sí wọn.

Rédíò kùn.

"Ẹ̀yin ará ọ̀nà, Dutchy ló ń sọ̀rọ̀ o. Mo wà nínú tírélà, mò ń lọ sí Broken Hill. Ẹnì kan ń fa ilé onítáyà níwájú mi. Ìyá àgbà kan wà lójú fèrèsé ẹ̀yìn, ó ń ju aṣọ ìnuwọ́ fìrìfìrì."

Ohùn mìíràn rẹ́rìn-ín. "Bóyá ó ń kí ọ ni."

"Kò jọ kíkí. Ó ti ń na ẹ̀ṣẹ́ sí mi báyìí."

Noreen rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó gbé ẹnu rédíò náà, ibi tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ sí. "Ẹ jọ̀ọ́, irú dìndìnrìn wo ló máa kó ìyá rẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀ bí àgùntàn ọjà?"

"Ohun témi náà ń rò nìyẹn, Màmá. Ṣé ẹ wà lọ́nà yìí?"

"Mo wà níbẹ̀. Bí mo bá rí i, màá sọ ọ̀rọ̀ sí i lára. Báwo ni ilé náà ṣe rí?"

"Funfun ni. Ó jọ pé tuntun ni. Ìlà aláwọ̀ ewé kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀."

"Áà, ó rẹwà nìyẹn," Noreen wí. "Irú tèmi gan-an ni."

Nígbà tí Dutchy tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti rọ̀ bíi ti ẹni tó ń bá ẹṣin tó fẹ́ ta sọ̀rọ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fẹsẹ̀ kan bíréèkì yín díẹ̀."

Noreen fẹsẹ̀ kàn án.

"Ẹ tún fẹsẹ̀ kàn án."

Ó tún ṣe bẹ́ẹ̀.

"Màmá, iná ẹ̀yìn ilé tó wà níwájú mi ló ń tàn yẹn. Ẹ rọra wá ibì kan dúró sí."

Ibùdó ìsinmi kan wà níwájú, igi kan àti garawa ìdọ̀tí kan. Noreen yà síbẹ̀. Orúnkún tó ti ń dùn ún láti ọjọ́ yìí, kò mọ̀ bóyá ó ṣì wà lára òun. Ó sáré dé ẹ̀yìn, kọ́kọ́rọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó he é, ó tún bọ́. Ilẹ̀kùn ṣí láti inú.

Avis dúró lókè àtẹ̀gùn. Irun rẹ̀ nà ṣánṣán, fìlà rẹ̀ dorí kodò, aṣọ ìnuwọ́ wà léjìká rẹ̀ bíi ti ẹni tó ti ń gbé ilé náà fún ọdún gbọọrọ.

"Àǹtí," Noreen wí, "ẹ kú ìrìn."

"Ẹ kú ìrìn ló wí! O fẹ́ pa mí!"

"Bọ́ọ̀sì ni mo rò pé ẹ wọ̀!"

"Nínú oòrùn yẹn? Mo débi géètì, ilẹ̀ ń jó mi lẹ́sẹ̀, mo gba ẹ̀yìn padà, mo wọlé jókòó kó o lè wá bẹ̀ mí. O ò wá. Mo fẹ̀yìn lé bẹ́ẹ̀dì díẹ̀."

"Ẹ sùn lọ."

"Mi ò sùn. Mo pajú dé. Nígbà tí mo lajú, igi ń sáré kọjá lójú fèrèsé! Gbogbo ayé ni mo juwọ́ sí. Wọ́n ń juwọ́ sí mi, ìwọ náà ń fọn fèrè!"

Tírélà Dutchy ti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó gùn bí òpópó. Ọkùnrin kan tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀pá sọ̀ kalẹ̀, ó wọ ṣòkòtò pénpé àti bàtà ńlá.

"Ṣé nǹkan ò ṣe yín, Màmá?"

"Àbúrò mi ló ṣe mí," Avis dáhùn. Ó wo ọkùnrin náà láti òkè dé ilẹ̀. "Ìwọ lo rí mi? Ìwọ nìkan lo ní làákàyè lójú ọ̀nà yìí. Wọlé wá mu tíì."

Noreen wò ó. "Àǹtí. Ilé ta lẹ ní kó wọ̀?"

Avis wo sítóòfù lẹ́yìn rẹ̀, ó wo bẹ́ẹ̀dì tó ti rún. Ẹnu rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Noreen rò pé ẹkún ni, àfi ìgbà tí ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu ìyá náà, tó sì jókòó sórí àtẹ̀gùn, tó ń fi aṣọ ìnuwọ́ nu ojú. Noreen náà di igi mú, ó ń rẹ́rìn-ín. Dutchy dúró sáàárín wọn, kò mọ èyí tí yóò dì mú kó má ṣubú.

"Dutchy," Noreen wí nígbà tó lè sọ̀rọ̀, "wọlé. Èmi ni mo ní kó o wọlé."

Ó ṣí gáàsì. Ó gbé kẹ́túlù tuntun kaná. Ó fa dúrọ́ọ̀ yọ láti mú ṣíbí, ó bá abọ́ iyọ̀ níbẹ̀. Ó fa òmíràn, ó bá ọ̀bẹ. Gbogbo ohun tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tò síbẹ̀ lọ́gbà Carmelo ló ti ṣípò.

"Kí ni mo fẹ́ máa ṣe níbẹ̀?" Avis wí. "Nígbà tí apá mi ti rọ láti máa juwọ́, mo bá ọ tún un tò. Ṣíbí kì í gbé apá ibẹ̀ yẹn."

Noreen mú àwọn ṣíbí náà, ó dá wọn padà sí ibi tó fi wọ́n sí tẹ́lẹ̀. Ó dá ọ̀bẹ padà. Ó dá ife padà, ó to etí wọn síbì kan náà. Kò bínú, kò sì yára. Avis ń wò ó láti orí àga lẹ́yìn. Ó ti gbé ìka sókè bí ẹni fẹ́ sọ̀rọ̀, ló bá rọra sọ ìka náà kalẹ̀ sórí tábìlì.

Tíì náà le bí ó ti yẹ. Noreen gé kéèkì tó gbé wá láti ilé fún wọn. Dutchy jẹ tirẹ̀, ó ní òun ò jẹ kéèkì tó rọ̀ tó báyìí rí, Noreen sì gé èyí tó tóbi jù fún un láti mú lọ. Ó dúpẹ́, ó lọ. Tírélà rẹ̀ fọn fèrè kan tó lé ẹyẹ kúrò lórí igi.

Àwọn méjèèjì ṣẹ́kù. Avis ń yí ife rẹ̀ lọ́wọ́.

"Bẹ́ẹ̀dì yẹn rọ̀," ó wí.

"Mo ti rí i pé ó rọ̀ fún yín."

"Nísinsìnyí tó o ti ní bẹ́ẹ̀dì tó rọ̀, tó o ní sítóòfù, tó o tiẹ̀ ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tìrẹ... yàrá ẹ̀yìn ńkọ́?" Fèrèsé ló kọjú sí. "Ta ni kí n máa tẹ́ bẹ́ẹ̀dì dè?"

Noreen gbé ife kalẹ̀. "Àǹtí, ṣé nítorí èyí lẹ ṣe ń bá mi jà látàárọ̀?"

"Mi ò jà. Ọ̀rọ̀ ni mò ń sọ."

"Níbo lẹ rò pé mo fẹ́ máa gbé ilé yìí sí bí mi ò bá sí lóko? Ọgbà yín ni. Ẹ máa yọjú lójú fèrèsé yín, ẹ ó máa rí mi. Ìyàtọ̀ kan ló máa wà níbẹ̀: lálaalẹ́ ọjọ́ Sunday, ẹ̀yin lẹ ó máa wá jókòó, èmi ni màá máa sè é."

Avis yíjú kúrò lójú fèrèsé. "Kí lo fẹ́ máa sè?"

"Ohun tó bá wù mí."

"Má sáà jẹ́ kí iyọ̀ pọ̀."

Wọ́n fọ ife, wọ́n ti gbogbo dúrọ́ọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, Noreen wọ inú ilé náà wò fínnífínní, ó ṣí kọ́tìnì, ó yẹ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì wò. Avis sì jókòó níwájú mọ́tò, ó gbé ẹnu rédíò, ó ń sọ fún gbogbo onítírélà tó wà lọ́nà Broken Hill pé òun ti bọ́.

Nígbà tí wọ́n délé, géètì ò gba ilé onítáyà náà. Àwọn aládùúgbò jáde wá, wọ́n gbé àga síta, oníkálùkù ń pàṣẹ bí yóò ṣe yí ìdarí. Noreen gbìyànjú títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Avis dúró lójú ọ̀nà, ó ń wo ọgbà tí Kelvin fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́, tí òun Avis ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fara kàn láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Ó ní kí aládùúgbò wọn tó ní ayùn lọ gbé e wá, kó gé òpó géètì méjèèjì.

"Àǹtí, ṣé ó dá yín lójú?"

"Wọlé pẹ̀lú ẹrù rẹ," Avis wí, "ebi ń pa mí."

Ẹran àgùntàn ni Noreen sun lálẹ́ ọjọ́ náà, pẹ̀lú ọ̀dùnkún àti ẹ̀wà tútù. Ó tẹ́ aṣọ sórí tábìlì kékeré náà, ó gbé àwo síwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Avis tọ́ ọ wò, ó jẹ ẹ́, ó fi búrẹ́dì gbá àwo mọ́, kò sì sọ ohunkóhun nípa iyọ̀.